Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN Ọ̀DỌ́ AWAKỌ̀: Ẹ́ŃJÌNNÌ TÍ A PÀÀRỌ̀ ÀTI ÌWÉ ÌNṢỌ́RÁNSÌ TÍ KÒ MỌ̀ NÍPA RẸ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún ẹ̀kọ́ wa nísisìyí kan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa tí nwọ́n ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré, tí ọkàn wọn kò sì balẹ̀ títí nwọn ó fi tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí nwọn ó sì sọ ọ́ di òmíràn. Ó kan àwọn òbí wọn pẹ̀lú, nítorí nígbàtí òfò bá dé, ilé bàbá àti ìyá li a kọ́kọ́ máa ń lọ kàn.

Ní Kémta níhin àti ní àdúgbò tí ó yí wa ká, ẹnití ó bá dúró díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì yíò rí ohun tí a ń wí. Ọmọkùnrin kan yíò mú Nissan Micra wá, èkejì yíò mú Golf tàbí Corolla. Ẹnikan yọ ẹ́ńjìnnì lítà kan kúrò, ó sì fi tòkunbọ̀ tí ó tóbi jù ú lọ, tí ó rà li ọjà Ládípọ̀ li Èkó, rọ́pò rẹ̀. Ẹlòmíràn gé sàlẹ́ńsà, ó sì yọ àsẹ́ tí ń fọ èéfín mọ́ kúrò nínú rẹ̀, kí ọkọ̀ rẹ̀ lè máa bú bí kìnìún. Ẹlòmíràn sì wà tí yíò so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀, tí yíò tún àṣẹ tí ń darí ẹ́ńjìnnì kọ, kí epo lè máa wọlé jù ti àtẹ̀hìnwá lọ.

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti bu ọgbọ́n ọwọ́ wọn kù. Ọmọ tí ó lè tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kí ó sì tò ó padà kì íṣe ọ̀lẹ, ìlú sì ní ìlò fún un. Ìbéèrè kanṣoṣo li a fẹ́ bi wọn: nígbàtí ẹ parí iṣẹ́ nyin, tani ẹ sọ fún?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí agbára tí a fi kún ẹ́ńjìnnì ń ṣe. Nígbàtí a bá sọ eré ọkọ̀ di ìlọ́po méjì, ìwọ̀n ilẹ̀ tí bíréèkì yíò fi mú un dúró kì íṣe ìlọ́po méjì bíkòṣe ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tí ó ń sáré 40 kìlómítà ní wákàtí kan, lórí ọ̀dà gbígbẹ tí ó dára, yíò dúró lẹ́hìn bí mítà 9 láti ìgbà tí bíréèkì bá ti mú. Bí ó bá ń sáré 80, bí mítà 36 ni yíò gbà. Ẹnití ó fi ẹ́ńjìnnì ńlá sínú ọkọ̀ kékeré ti ra eré. Ṣugbọ́n bíréèkì àtijọ́ nã li ó wà nínú àgbá táyà, èyítí a rọ fún ọkọ̀ tí ó fúyẹ́ tí kò sì lè sáré púpọ̀. Ìlú wa sì kún fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti àpáta. Ẹ kò nílò kí a tún sọ èyí fún nyin.

Nísisìyí ẹ jẹ́ kí a wá sí ìdí ìwé adójútòfò, èyítí gbogbo ènìà ń pè ní ìnṣọ́ránsì. Àdéhùn ni. Ilé-iṣẹ́ gba owó kékeré lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìà, kí ó lè san owó ńlá fún àwọn díẹ̀ tí òfò bá dé bá. Iye tí ó gbà lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan dúró lórí irú ọkọ̀ tí ẹni nã kọ sínú fọ́ọ̀mù: orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀, nọ́mbà tí a tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì, nọ́mbà ṣáàsì, àti iṣẹ́ tí a ó fi ọkọ̀ ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá di òmíràn, ìwé ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ kan, òmíràn li ó sì ń rìn ní títì. Bákannã li ó rí fún ẹnití ó gba ìwé fún ọkọ̀ ara rẹ̀, tí ó sì ń fi í gbé èrò ní ìrọ̀lẹ́.

Òfin ilẹ̀ wa ti fi ipá mú olúkúlùkù oní-mọ́tò láti gba ìnṣọ́ránsì nítorí ẹni-kẹta, èyíinì ni ẹnití kì íṣe ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe àdéhùn nã, ṣugbọ́n tí ọkọ̀ lè pa lára. Òfin ọdún 1945 li ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ti ọdún 2003 tún un sọ, a sì kó wọn jọ sínú òfin titun tí Ààrẹ Tinubu fi ọwọ́ sí li ọdún 2025. Láti oṣù Jánúárì 2023, àjọ NAICOM tí ń ṣe àkóso àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ti gbé owó rẹ̀ láti ₦5,000 lọ sí ₦15,000 fún ọkọ̀ ti ara ẹni, ilé-iṣẹ́ sì lè san tó ₦3,000,000 fún ohun-ìní ẹlòmíràn tí a bàjẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Fẹ́búárì 2025 li àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìwé nã ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Nítorí èyí ọ̀pọ̀ sáré lọ gbà á. Ṣugbọ́n ohun kan ni kí a ní ìwé lọ́wọ́, ohun mìíràn ni kí ìwé nã bá ọkọ̀ mu.

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Li ọdún 1766, ní ìlú London, adájọ́ àgbà Lord Mansfield ṣe ìdájọ́ kan tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní ẹjọ́ Carter àti Boehm títí di òní. Gómìnà ilé-odi kan li erékùṣù Sumatra ti gba ìnṣọ́ránsì nítorí bí ọ̀tá bá kó ibẹ̀. Àwọn ará Faransé sì kó o li ọdún 1760. Ẹnití ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀ láti san, ó ní gómìnà pa òtítọ́ mọ́. Adájọ́ nã là á yé wọn pé ẹnití ń bá ni gbé ẹrù òfò kò rí ohun tí a ń gbé lé e lórí, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnití ó ni ín li ó gbẹ́kẹ̀lé. Nítorí nã kò tọ́ kí a fi ohun pàtàkì pamọ́ fún un. Síbẹ̀, ẹ kíyèsí i, gómìnà li ó jàre, nítorítí àwọn ohun tí a ní ó pamọ́ jẹ́ èyítí oníṣòwò nã mọ̀ tàbí tí ó lè fúnrarẹ̀ wádìí. Ojú méjì li ọ̀rọ̀ nã ní.

Òfin wa ti ọdún 2003 tẹ̀lé ọ̀nà kannã. Ó pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ béèrè gbogbo ohun tí ó kà sí pàtàkì nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, ohun tí kò bá sì béèrè, a kà á sí ohun tí kò ṣe pàtàkì. Ìdáàbòbò ńlá ni èyí jẹ́ fún wa. Ṣugbọ́n ó fi gbólóhùn kan tì í, tí ó yẹ kí a ka létí gbogbo ọ̀dọ́: bí aṣojú ilé-iṣẹ́ bá bá ọ kọ fọ́ọ̀mù, a ó kà á sí pé aṣojú tìrẹ ni nígbàtí ó ń kọ ọ́. Bí ó bá kọ irọ́, ìwọ li ó kọ ọ́. Ẹ ro ti àwọn tí ń jókòó lẹ́bàá ibi tí a ti ń gba páátíkúlà, tí nwọ́n ń kọ ohunkóhun tí ó bá sọ sí wọn lọ́kàn, tí ẹni nã kò tilẹ̀ wo ìwé nã títí yíò fi ká a sínú ọkọ̀. Èmi kò mọ ohun tí a lè pe èyí bíkòṣe fífi owó ra ìyọnu.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba ìwé rẹ̀ ní Jánúárì. Ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ní Júùnù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Li Ọ́gọ́ọ̀sì, bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì kò gbà á, ó sì wọ inú àtẹ ìyá aláta kan, ẹsẹ̀ ìyá nã sì kán. Ilé-iṣẹ́ rán ènìà wá, ẹni nã ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo nọ́mbà, ó wo ìwé, méjèèjì kò bára mu. Láti ìgbà nã li àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ lórí ẹnití ó fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ìyá aláta sì wà lórí ibùsùn li ilé-ìwòsàn, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ sì ń béèrè owó lójoojúmọ́. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ó sì lè jẹ́ pé ìyá ọ̀rẹ́ ọmọ nã ni.

Àyípadà kan wà tí kì íṣe ti eré, ṣugbọ́n tí ó pọ̀ nísisìyí. Nígbàtí a mú ìrànwọ́ orí epo kúrò li òpin oṣù Mèyí 2023, tí owó bẹntiróò fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦500 láàrin ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ yí ọkọ̀ wọn padà kí ó lè máa lo gáàsì CNG, ìjọba sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ṣe é. Ohun rere ni, bí ó bá jẹ́ ọwọ́ àwọn tí a fún láṣẹ li ó ti wá. Agbára tí ó há sínú àgbá gáàsì yìí tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti inú táyà. Ní oṣù Ọ́kítóbà 2024, àgbá kan bú gbàmù ní ibi tí a ti ń rọ gáàsì sínú ọkọ̀ ní ìlú Benin, ó sì ṣe ènìà léṣe. Àwọn tí ń ṣe àkóso ètò CNG fún ìjọba sọ pé àgbá tí a jó pọ̀ ni, kì íṣe èyítí a fi àṣẹ sí fún irú gáàsì bẹ́ẹ̀. Ẹnití ó bá yí ọkọ̀ rẹ̀ padà sí gáàsì kí ó gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ibi tí a ti ṣe é, kí ó sì fi í han ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Gẹ́gẹ́bí òfin wọn ti ọdún 2012, ẹnití ó bá dáhùn fọ́ọ̀mù láìbìkítà lè rí i kí a gé owó rẹ̀ kù. Ẹnití ó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́, ilé-iṣẹ́ lè pa àdéhùn nã rẹ́ kí ó má sì dá owó tí ó ti san padà fún un. Awakọ̀ titun tí a bá mú láìní ìnṣọ́ránsì láàrin ọdún méjì àkọ́kọ́ lè pàdánù ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ pátápátá.

Kíni kí ọ̀dọ́ tí ó ti yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà ṣe? Kí ó mú ìwé àdéhùn rẹ̀, kí ó ka ibi tí a ti sọ nípa àyípadà sí ọkọ̀, kí ó sì kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ nã, kì íṣe sí aṣojú nìkan. Kí ó kọ nọ́mbà ìwé rẹ̀ àti nọ́mbà ọkọ̀, ohun tí a yọ kúrò, ohun tí a fi sí i, nọ́mbà ẹ́ńjìnnì titun, ọjọ́ tí a ṣe é àti mẹkáníìkì tí ó ṣe é. Rìsíìtì ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ sọnù, nítorí àwọn ọlọ́pàá lè béèrè ibi tí ó ti wá. Ó sì yẹ kí a tún nọ́mbà nã kọ sínú ìwé ọkọ̀ ní ọ́fíìsì tí a ti ń gbà á. Bí a bá tún ìwé ìnṣọ́ránsì gbà li ọdún tí ń bọ̀, kí ó tún sọ ọ́. Kí ó dúró de èsì tí a kọ sílẹ̀. Bí nwọ́n bá fi owó kún un, kí ó san án kí ó tó wa ọkọ̀ nã jáde. Bí nwọ́n bá sì kọ̀ láti gbé ẹrù nã, kí ó gba ìkọ̀sílẹ̀ nã nínú ìwé, kí ó sì lọ bá ilé-iṣẹ́ mìíràn.