Kọ́ Word Lẹ́ẹ̀kan, Kó Máa Bá Ọ Tún Próójẹ́ẹ̀tì Ṣe

Àbúrò mi, tó o bá ń tẹ̀wé gbowó l'Ọ̀wọ̀, o mọ àsìkò tí mò ń wí: ìgbà tí àwọn ọmọ Rufus Giwa Poly àti Yunifásítì Achievers bá ń sáré àtifi próójẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Times New Roman, 12, àlàfo ìlà onílọ̀ọ́po méjì, CHAPTER ONE láàárín. O ò tíì parí tẹnì kan tí ẹlòmíràn á dé, iṣẹ́ kan náà sì ni.

Wá gbọ́ àṣírí mi: macro ni. Má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà ọ́ lẹ́rù, o ò ní kọ kóòdù kankan. Wàá ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, Word á fi sọ́kàn, á sì máa tún un ṣe nígbàkígbà tó o bá tẹ bọ́tìnnì.

Lọ sí View, tẹ Macros, mú Record Macro. Fún un lórúkọ tí kò ní àlàfo nínú, bíi ProjectOwo. Fi í sílẹ̀ sórí All Documents kó lè bá gbogbo fáìlì rẹ ṣiṣẹ́. Tẹ Keyboard, kó o yan bọ́tìnnì tó wù ọ́. Tí Word bá kọ unassigned, a jẹ́ pé bọ́tìnnì náà kò níṣẹ́ mìíràn. Tẹ Assign, lẹ́yìn náà Close.

Ó yá, ṣiṣẹ́ bó o ṣe máa ń ṣe é. Fi Ctrl+A mú gbogbo ọ̀rọ̀, torí mouse kò lè mú ọ̀rọ̀ nígbà tí Word bá ń gba iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Yan fọ́ǹtì àti ìwọ̀n rẹ̀, tẹ Ctrl+2 fún àlàfo ìlà, Ctrl+J kí etí méjèèjì lè gún. Fi Ctrl+H sọ àlàfo méjì-méjì láàárín ọ̀rọ̀ di ẹyọ kan (ìwé tí wọ́n tẹ̀ lórí fóònù ló kún fún un jù). Wá tẹ Stop Recording.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àkọlé. Gbé kọ́sọ̀ sórí CHAPTER ONE, ṣe macro kejì tí yóò sọ ọ́ di Heading 1, tí yóò sì gbé e sáàárín. Heading 1 yẹn ṣe pàtàkì gan-an: òun ni Table of Contents tó wà ní References máa ń kà. Tí súpáfáísọ̀ bá ní kí wọ́n fi ojú ewé kún iṣẹ́ náà, tẹ kọ́sọ̀ sínú àtòkọ náà, kó o tẹ F9. Macro àkọ́kọ́ ni kó o máa lò ṣáájú o, kó má baà ba àkọlé jẹ́.

Tó bá jẹ́ ètò ìsìnkú ni wọ́n gbé wá láti Ìfọ̀n tàbí Ìdóàní, AutoCorrect ni kó o lò. Tọ́jú orúkọ ìlú àti oríkì tó ní àmì sínú rẹ̀, kó o sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìkékúrú. Tẹ «qowo», Ọ̀wọ̀ á jáde.

Jọ̀ọ́, má tẹ Enable Content lórí fáìlì tó o kò mọ ibi tó ti wá. Inú macro Word ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Melissa gbà tàn kálẹ̀ lọ́dún 1999.

Ìgbà tó o bá pa Word dé ló sábà máa ń tọ́jú macro tuntun. Nítorí iná tó lè lọ, tètè pa á dé tó o bá ti ṣe é tán, kó o wá Normal.dotm, fáìlì tí macro rẹ wà nínú rẹ̀, lábẹ́ %appdata%, nínú Microsoft, Templates, kó o sì gbé ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì rẹ.