OLÙKỌ́ TÍ Ó TÚN Ń TỌ́JÚ ÌWÉ

Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹni tí ó mọ ìwé kà tí kò rí ìwé kà, ó dà bí ẹni tí ó ní ọkọ́ tí kò ní ilẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lónìí nípa ẹnì kan tí àwa òbí kì í sábà rántí. Òun ni olùkọ́ tí ó ń tọ́jú yàrá ìkàwé ní ilé-ìwé àwọn ọmọ wa.

1. Iṣẹ́ rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ìwé tuntun bá dé, òun ni ó ń lù wọ́n ní òǹtẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ wọ́n di tirẹ̀. Ó ń kọ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí ọmọ bá yá ìwé, ó ń kọ orúkọ ọmọ náà àti ọjọ́ tí yóò dá a padà.

Lẹ́yìn èyí, ó ń to ìwé sórí pẹpẹ. Kì í tò wọ́n bí ẹni ń to igi ìdáná. Ṣé ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń jókòó lọ́jà? Aláta ní ìsọ̀ tirẹ̀, aláṣọ ní ìsọ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwé. Ní ọdún 1876, ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Melvil Dewey gbé ètò kan jáde, tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ń lò di òní. Ó fi nọ́ńbà pín ìwé sí ọ̀nà 10. Ìwé ẹ̀sìn wà ní 200. Ìwé nípa èdè wà ní 400. Ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní 630. Ìwé ìtàn àwọn ìlú àti orílẹ̀-èdè wà ní 900. Ọmọ tí ó bá mọ nọ́ńbà wọ̀nyí yóò lọ tààrà síbi tí ìwé tí ó ń wá wà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó tóbi jù ni kí olùkọ́ náà mọ ìwé tí ó yẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbé ìwé líle fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé, yóò sá. Bí ó bá jẹ́ ìtàn dídùn ni, fúnra rẹ̀ ni yóò padà wá béèrè òmíràn.

2. Ìṣòro rẹ̀

Ní oṣù January ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà ju 800,000 lọ. A kọ́ yàrá ẹ̀kọ́, a sì wá olùkọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà àti ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ní ilé-ìwé púpọ̀, olùkọ́ tí ó ní kíláàsì tirẹ̀ ni a tún ń di ẹrù yàrá ìkàwé lé lórí. Ọwọ́ kan kò sì gbé ẹrù dé orí.

Owó kò tó. Òjò ń jò sórí ìwé. Ìṣòro kan tún wà tí ó burú jù wọ̀nyí lọ: ìbẹ̀rù ni.

Nígbà tí àwa náà ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, a dé ilé-ìwé kan tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n ti kọ́bọ́ọ̀dù ìwé pa. Olùkọ́ tí ó ń tọ́jú rẹ̀ wí fún wa pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìwé kan sọnù lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù mi. Láti ìgbà náà ni kọ́kọ́rọ́ kò ti kúrò lápò mi."

A bẹ̀ ẹ́ títí, ó ṣí i. Háà! Ikán ti wọlé láti ẹ̀yìn. Páálí ìwé ló kù, inú rẹ̀ ti di iyẹ̀pẹ̀. Ọmọ kan kò tíì ka ọ̀kan nínú wọn rí. Tíṣà náà dúró, kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, ó ní, "Mo pa wọ́n mọ́ fún ọmọ, mo sì fi wọ́n bọ́ ikán."

A kò lè dá a lẹ́bi. Ẹni tí a bá ń jẹ níyà nítorí ìwé tí ó sọnù, kò ní yá ẹnikẹ́ni ní ìwé mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí ọmọ kà gbó sàn ju ìwé tuntun tí ikán jẹ lọ.

3. Ohun tí àwa òbí lè ṣe

Bí ọmọ bá mú ìwé wálé, ẹ jẹ́ kí ó fọ ọwọ́ kí ó tó ṣí i. Ẹ fi pépà bò ó lẹ́yìn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ewé rẹ̀ fi di àkàrà o! Bí ìwé bá sọnù, ẹ má fi í pamọ́. Ẹ bá ọmọ lọ sọ fún olùkọ́, kí ẹ jọ wá ọ̀nà àtisan án díẹ̀díẹ̀.

Bí káfíńtà bá wà láàárín wa, kí ó kan pẹpẹ fún ilé-ìwé. Ẹ má jẹ́ kí pẹpẹ náà kan ògiri. Ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ agolo tí a da ọ́ìlì mọ́tò àlòkù sí, kí ikán má bàa gùn ún.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ béèrè pé: "Ta ni ó ń tọ́jú ìwé? Ọjọ́ mélòó ni a ń ṣí yàrá ìkàwé lọ́sẹ̀? Ṣé a lè dín iṣẹ́ olùkọ́ náà kù, kí ó lè ráyè?" Bí òbí bá ń béèrè, ọ̀gá ilé-ìwé yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jẹ wá lógún.

Ní alẹ́, ẹ ní kí ọmọ ka ojú ìwé kan sí yín létí. Kí ẹ̀yin náà ka ọ̀kan sí i létí.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìdí tí a fi ń lu ìwé ní òǹtẹ̀?
2. Kí ni ó mú kí olùkọ́ inú ìtàn yìí ti kọ́bọ́ọ̀dù pa?
3. Bí ẹ bá jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé náà, kí ni ẹ̀ bá ṣe nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ sọnù?
4. Ta ni ó ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé ní ilé-ìwé ọmọ yín?