Ẹ Béèrè Ohun Tí Erin Náà Ń Jẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá, mo mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lé ènìyàn léré. Àkókò ìròyìn ti kù fẹ́ẹ́fẹ́, olóòtú ń pè yín, ẹ wá kà á nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì iwájú yín pé ilé-iṣẹ́ kan tí ìjọba náwó rẹpẹtẹ lé lórí ti di "white elephant". Ẹni tó ń kánjú á kọ ọ́ pé "ó ti di erin funfun", á sì kọjá sí ìlà tó kàn. Ìyá àgbà tó gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Ṣakí á gbọ́ ọ, á sì gbàdúrà fún ìjọba.

Kò jẹ̀bi. Létí Yorùbá, oríyìn ni erin, oríyìn sì ni funfun. Ẹni ńlá tó bá papò dà, a ní erin wó. Funfun ni aṣọ àlà, òun náà ni Ọbàtálá ń wọ̀. Ẹni tó bá so méjèèjì pọ̀ ń ki ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ owó ìlú mọ́ ìlú lọ́wọ́ ni.

Ìmọ̀ràn mi kò gùn. Bí ẹ bá bá ẹranko pàdé nínú àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má wo awọ rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ni kí ẹ wò. Ní ti erin yìí, ẹ béèrè ohun tó ń jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ erin náà fúnra rẹ̀. Siam, tí à ń pè ní Thailand lónìí, àti Burma tó múlé tì í, ni ìtàn rẹ̀ ti wá. Erin tí wọ́n ń pè ní funfun níbẹ̀ kò funfun bí ẹfun. Awọ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí omi bá bà á, á túbọ̀ pọ́n. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ mọ́, èékánná rẹ̀ náà mọ́. Ọba ló ni ín; ẹni tó bá rí i nínú igbó, ààfin ni yóò mú un lọ. Nítorí erin bẹ́ẹ̀ ni ọba Burma ṣe gbógun ti Ayutthaya, olú-ìlú Siam nígbà náà, ní 1563. Ó pẹ́ tí erin funfun fi wà lára àsíá Siam, títí wọ́n fi pààrọ̀ àsíá náà ní 1917. Oyè ẹ̀yẹ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1861, wọ́n ṣì ń fi dá ènìyàn lọ́lá títí di òní.

Ìtàn tí àwọn Òyìnbó wá ń sọ ni pé bí ọba Siam bá fẹ́ rẹ ìjòyè kan sílẹ̀, á ta á lọ́rẹ erin funfun. Ìjòyè kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́, ọba ló fún un. Kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ fi wọ́ gẹdú. Bẹ́ẹ̀ erin ń jẹun. Àgbà erin lè jẹ tó 150 kìlógíráàmù lójúmọ́, ó sì lè lo ọgọ́ta ọdún láyé. Kí erin tó kú, ilé ìjòyè á ti tú. Ìtàn náà dùn, àmọ́ kò sí ẹ̀rí pé ọba kankan ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ má kà á sórí afẹ́fẹ́ bí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kàn mọ̀ ọ́n dájú, torí inú rẹ̀ ni ìtumọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò ti jáde. Ohun mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀: nǹkan náà níyì lójú, kò ṣeé sọ nù, owó tó ń jẹ sì ju èrè rẹ̀ lọ.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, títí kan àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì nílé wa níbí. Gbogbo iṣẹ́ tí ìjọba bá ti pa tì ni wọ́n ń fún ní orúkọ yìí. Kànga ẹ̀rọ tí agbaṣẹ́ṣe gba owó rẹ̀ tó sì sá lọ, kì í ṣe erin funfun. Koríko ti bò ó, kò jẹ kọ́bọ̀ mọ́. Iṣẹ́ àpatì ni, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ilé-iṣẹ́ irin Ajáòkúta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Soviet. Ìléru ńlá rẹ̀ kò tíì yọ́ irin, bẹ́ẹ̀ ọdọọdún ni owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń jẹyọ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀. Ìyẹn ń jẹun. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá pe ìyẹn ní erin funfun, kò purọ́ mọ́ ọn.

Báwo wá ni ẹ ó ṣe kọ ọ́? Bí àyè bá wà, ẹ kọ ọ́ pé: "Ilé-iṣẹ́ náà ti di ẹrù tí ìjọba kò lè rù, tí kò sì lè sọ̀." Bí ìròyìn bá le díẹ̀, ẹ lè ní: "Ó há ìjọba lọ́fun, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu dànù." Bí àyè kò bá sí rárá: "Owó tó ń jẹ ju èrè rẹ̀ lọ." Àmọ́ bí aṣòfin kan ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ mú. Ẹ má ti òwe tí kò pa bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Òwe Yorùbá máa ń ta ju bí ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣe fẹ́ lọ, orí rẹ̀ ni ẹjọ́ yóò sì dá sí.

Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé erin gidi ni. Bí ìròyìn bá ti Bangkok wá pé wọ́n mú erin funfun wọ ààfin, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ àwọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní 1884, P. T. Barnum, ọ̀gá àwọn eléré ẹranko ní Amẹ́ríkà, gbé erin funfun kan tó rà ní Burma dé Amẹ́ríkà. Àwọn tó sanwó wá wò ó ń retí ẹranko tó funfun bíi wàrà. Aláwọ̀ eérú ni wọ́n rí, pẹ̀lú àmì pípọ́n díẹ̀díẹ̀. Adam Forepaugh tó ń bá a du ọjà ní tirẹ̀ kun erin lásán lẹ́fun, ó sì gbé e jáde. Olùtumọ̀ tó bá kọ "funfun" láìsọ irú funfun tó jẹ́, ó ń ṣe Forepaugh nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ògbufọ̀ ní Houston tàbí London, ẹ ó bá ìtumọ̀ kẹta pàdé. Ní Amẹ́ríkà, bí ìwé ìkésíni ọ́fíìsì bá dárúkọ erin yìí nígbà Kérésìmesì, pàṣípààrọ̀ ẹ̀bùn ẹ̀fẹ̀ ni: kálukú á di nǹkan tí kò wúlò fún un mọ́, wọ́n á máa já a gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ní bàsáà ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìsọ̀ ẹrù ilé tí olówó rẹ̀ kò fẹ́ mọ́ ni.

Ẹ má sì pò ó mọ́ erin kejì, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ní ó wà nínú yàrá tí gbogbo ènìyàn ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Yorùbá ti ní tirẹ̀: àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Ẹ kọ ọ́ pé "wọ́n rí erin, wọ́n ní àwọn rí nǹkan fìrí", gbogbo ilé á yé. Ibẹ̀ ni erin tiwa àti tiwọn ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ jẹ́ kó dúró.

Kí ẹ tó wọlé ka ìròyìn, ẹ ka ìlà náà sókè fún ẹnìkan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ bi í pé kí ló ṣe ilé-iṣẹ́ náà. Bó bá ní owó ló ń ṣòfò níbẹ̀, ẹ gbé e lọ sórí afẹ́fẹ́. Bó bá bi yín pé ibo ni wọ́n so erin náà mọ́, ẹ jókòó, ẹ tún un kọ.