Ojú Ìdarí Tí Yóò Bá Ilé Rẹ Mu

Ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Freeport Monrovia, má jẹ́ kí ẹwà ojú fóònù tàn ọ́ bí o ṣe ń wá ohun tí wàá fi máa darí iná àti báàtìrì sólà ilé rẹ. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ṣé yóò ṣì gbọ́ tìrẹ? Ní oṣù kẹta 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ó sì kan Làìbéríà. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Home Assistant ni mo fara mọ́. Ọ̀fẹ́ ni, orí kọ̀ǹpútà kékeré nínú ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Gílóòbù tó ń lo Zigbee, ìyẹn àmì rédíò inú ilé, sì ń gbọ́ tirẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Títò rẹ̀ gba sùúrù o. Iná, omi àti báàtìrì nìkan ni kí o kó sí ojú ìdarí náà, kí ará ilé lè lò ó nígbà tí o bá wà ní èbúté. Má sì yọ súìṣì ara ògiri.