Ọkọ̀ Ojú Irin Ti Lọ, Àṣẹ Rẹ̀ Bá A Lọ

Ọmọ mi, wọ́n ní o ti ra kẹ̀kẹ́ ológeere. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Maryland, tí kò tíì gba láísẹ́ǹsì, tí kò sì tíì lówó mọ́tò àti owó ìnṣọ́ránsì tí ń gé owó oṣù jẹ, kẹ̀kẹ́ lẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan nínú wa á máa wò ọ́ tìyanu-tìyanu bí o bá gùn ún dé òde àríyá. Jẹ́ kí wọ́n máa wò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò kan ojútì. Ó kan ibi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bá ti pàdé ọ̀nà mọ́tò, torí inú igbó tí o bá ti ń gùn ún bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ti mú ọkàn rẹ balẹ̀ jù kí o tó yọ sí títì.

Wo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní WB&A, èyí tó gba Glenn Dale lọ sí Bowie. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ni tẹ́lẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ín, Washington, Baltimore and Annapolis, ló ṣì ń jẹ́ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ wọn ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti 1935. Ní òdìkejì odò Potomac, ní Virginia, W&OD náà rí bẹ́ẹ̀: máìlì 45, láti Arlington títí dé Purcellville. Ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀ dúró ní 1968, wọ́n sì parí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó rọ́pò rẹ̀ ní 1988. Mo ń ka ìtàn yìí sí ọ létí torí pé òun ló sọ ohun tó mú kí oríta wọn ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó la ọ̀nà náà kò ro ti oníkẹ̀kẹ́ rárá. Ó là á gbọọrọ, ó gé títì níbikíbi tó bá ti bá a, nígbà míì ní ìdagun, nígbà míì lẹ́yìn kọ́nà tí igi bò. Kò séwu fún un, torí bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, fèrè á dún, mọ́tò gbogbo á sì dúró. Ìgbà tí ọkọ̀ lọ tán ni wọ́n da ọ̀dà sójú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ní kí àwa máa gbà á. Ọ̀nà la jogún, a ò jogún àṣẹ. Ní ọ̀pọ̀ oríta wọ̀nyẹn lónìí, ìwọ oníkẹ̀kẹ́ ni àmì STOP kọjú sí.

Àwọn ọ̀nà tó tẹ̀lé odò ò rí bẹ́ẹ̀. Northeast Branch tó gba Riverdale lọ sí Hyattsville, etí omi ló ń tọ̀, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sì máa ń gba abẹ́ afárá kọjá nígbà tí mọ́tò ń lọ lókè. Bí ojú ọ̀nà méjì bá wà tí iṣẹ́ rẹ wà ní ìparí méjèèjì, èyí tó gba abẹ́ afárá ni kí o yàn, ì báà fi máìlì kan jìn jù. Àfi bí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Omi á ti kún abẹ́ afárá, ẹrẹ̀ tó bá sì fi sílẹ̀ á máa yọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Má wọ́ ọ já, yí padà.

Jẹ́ ká padà sí oríta. Má dé etí títì lórí eré. Láti òkèèrè ni kí o ti rọra, kí o yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ kí o tó dúró, torí ẹni tó bá fi jíà líle dúró á máa bá pẹ́dàlì jìjàkadì láàárín títì nígbà tó yẹ kó ti dé òdìkejì. Gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Yọ ohun tí o fi sétí. Wo òsì, wo ọ̀tún, kí o tún wo òsì, torí apá òsì ni mọ́tò tó máa kọ́kọ́ kàn ọ́ ti ń bọ̀. Èyí kò ní ṣòro fún ọmọ Nàìjíríà, apá ọ̀tún la ti ń wakọ̀ nílé láti 1972. Ẹni tó bá ti gbé Lọ́ńdọ̀nù pẹ́ kó tó wá síbí ni kó ṣọ́ra, ọrùn rẹ̀ ti mọ́ ọ̀nà kejì.

Lẹ́yìn náà, ṣírò. Mọ́tò tó ń sá máìlì 40 ní wákàtí ń gé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 59 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Láti orí ìdúró, kí ẹsẹ̀ tó wọ pẹ́dàlì, kí kẹ̀kẹ́ tó gbéra, kí o tó sọdá títì oníbejì, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lè lọ. Láàárín ìyẹn mọ́tò náà ti gé bí ẹsẹ̀ bàtà 300, ìyẹn pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà látòkè délẹ̀. Nítorí náà, bí o bá rí mọ́tò lọ́ọ̀ọ́kán tí ọkàn rẹ ń sọ pé "mo lè ráyè", kò sí àyè. Jẹ́ kó kọjá.

Àmọ́ o, awakọ̀ burúkú kọ́ ni mo ń bẹ̀rù fún ọ jù. O ti mọ̀ ọ́n, o ti ń sá fún un láti Òjóta. Awakọ̀ ọmọlúàbí ni mo ń bẹ̀rù. Bó ṣe máa ń rí nìyí: títì ní ìlà méjì lọ, ìlà méjì bọ̀. O dúró létí rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ìyá àgbà kan nínú mọ́tò rí ọ, àánú rẹ ṣe é, ó dúró, ó juwọ́ sí ọ pé kí o kọjá. Ìwọ náà, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, o ò fẹ́ dá àgbà dúró. O tẹríba, o dúpẹ́, o sì fi ìkánjú bọ́ sójú títì. Mọ́tò ìyá yẹn ti bo ọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ nínú ìlà kejì kò rí ọ, ó kàn rí mọ́tò kan tó dúró láìnídìí, ó sì fẹ́ yà á sílẹ̀. Ìyá náà kò lè fún ọ ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìlà tirẹ̀ nìkan ló lè dá dúró.

Kí wá ni ṣíṣe? Dúpẹ́, ṣùgbọ́n má sáré. Bí ìlà kejì bá ṣófo kedere, rọra jáde títí dé etí mọ́tò tó dúró, dúró níbẹ̀, na ọrùn, wo ìlà kejì kí o tó tẹ̀ síwájú. Bí o ò bá ríran dé ibẹ̀, mi orí fún un pé rárá, kí o sì juwọ́ pé kó máa lọ. Ó lè bínú. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè fọn fèrè. Fèrè kì í ṣẹ́ni léegun. Ìkánjú tí ìtìjú ń fà ni kí o bọ́ lọ́rùn, torí òun ló ń ti ọmọ rere sójú títì.

Ní àwọn ibì kan wàá rí bọ́tìnì tí o máa tẹ̀, iná yẹ́lò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wàì-wàì. Tẹ̀ ẹ́, ó wúlò. Ṣùgbọ́n iná yẹ́lò kò dá ẹnikẹ́ni dúró, ńṣe ló ń bẹ awakọ̀. Dúró títí ìwọ fúnra rẹ á fi rí i pé táyà ti dẹ́kun yíyí nínú gbogbo ìlà. Táyà ni kí o wò, má gbára lé ojú awakọ̀. Èèyàn lè máa wò ọ́ kí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn.

Iná pupa náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé fọkàn tẹ̀. Ní ilẹ̀ yìí, àfi níbi tí wọ́n bá gbé àmì sí pé wọn ò gbà á, òfin gba awakọ̀ láyè ní ọ̀pọ̀ ibi láti yà sí ọ̀tún lórí iná pupa lẹ́yìn tó bá ti dúró. Nígbà tí epo wọ́n ní ọdún 1970 sí 1979 ni àṣà yìí tàn ká. Awakọ̀ tó fẹ́ yà sí ọ̀tún, òsì lojú rẹ̀ máa ń wà, ó ń wá àyè láàárín mọ́tò. Bí ìwọ bá ń bọ̀ láti ọ̀tún rẹ̀ lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, o ò sí nínú ayé rẹ̀ rárá. Ní Rosslyn ní Arlington, níbi tí mọ́tò tó ń bọ́ láti I-66 ti ń yà lọ sórí afárá Key, àwọn oníkẹ̀kẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà kíkorò, wọ́n sọ ọ́ ní oríta ìparun. Nígbà náà, iná ẹlẹ́sẹ̀ á tàn fún èèyàn, síbẹ̀ mọ́tò á máa yà lé e lórí. Wọ́n ti tún ibẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ṣì pọ̀. Ní Washington fúnra rẹ̀, òfin 2013 gba oníkẹ̀kẹ́ láyè láti bá iná ẹlẹ́sẹ̀ lọ níbi tí iná náà bá ti ṣáájú ti mọ́tò. Lò ó. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó fún ọ láti ṣáájú, òun ni mọ́tò tó fẹ́ yà fi máa rí ọ níwájú rẹ̀.

Ìwà kan wà tí a gbé wá láti ilé tí mo fẹ́ kí o sọ sílẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí títì kó kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀. Òótọ́ ni, fún ẹlẹ́sẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n-wéè ni. Mò ń rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí Baltimore Avenue ní College Park, àyà mi a sì máa já. Awakọ̀ tó ń yọ láti ilé ìtajà kò retí ohunkóhun láti ẹ̀gbẹ́ yẹn. Bá mọ́tò lọ sí ibi kan náà.

Má sì lẹ̀ mọ́ etí títì. Ọ̀pọ̀ rò pé bí àwọn bá rọra há sí ẹ̀gbẹ́, àwọn ti ṣe ara wọn lóore. Etí títì ni ìgò fífọ́ àti ihò omi wà, ibẹ̀ náà ni ẹni tó páàkì mọ́tò ti ń ṣílẹ̀kùn láìbojúwẹ̀yìn. Yẹra fún ilẹ̀kùn mọ́tò tó bá dúró ní ìwọ̀n tí ilẹ̀kùn fi lè ṣí tán. Níbi tí ìlà bá ti tóóró débi pé mọ́tò kò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá láìfi ara kàn ọ́, bọ́ sí àárín ìlà kí wọ́n rí ọ, kí wọ́n sì dúró de àyè. Láti 2010 ni òfin Maryland ti ní kí mọ́tò tó bá ń kọjá lára oníkẹ̀kẹ́ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀ láàárín wọn. Tírélà àti bọ́ọ̀sì ńkọ́? Má dúró ní ẹ̀gbẹ́ wọn ní oríta láé, pàápàá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Bí wọ́n bá yà, táyà ẹ̀yìn wọn kì í tọ ipasẹ̀ tiwájú, ó máa ń gé kọ́nà ni. Dúró lẹ́yìn.

Bí títì kan bá burú jù, má fi agídí gùn ún. Iwájú bọ́ọ̀sì Metrobus ní irin tó ń gba kẹ̀kẹ́ méjì. Ọkọ̀ ojú irin Metro náà ń gba kẹ̀kẹ́. Gbé e wọ̀ ọ́, kí o sọ̀ ní ìkọjá ibi burúkú náà. Bó bá sì di oṣù Kọkànlá tí wọ́n dá aago padà, ilẹ̀ á ti máa ṣú ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí o ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, kí méjèèjì ní agbára. Akoto, òfin ìpínlẹ̀ Maryland kò fi dandan mú ẹni tó ti pé ọdún 16, èmi mú ọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ òfin kan tí àwọn tó ń bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ kì í sábà rántí. Ní Maryland àti Virginia, bí mọ́tò bá gbá ọ tí ilé ẹjọ́ sì rí i pé ìwọ náà jẹ̀bi díẹ̀, ì báà ṣe bíńtín, o lè má gba kọ́bọ̀ owó ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹni tó gbá ọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Maryland ní àǹfààní láti pa òfin àtijọ́ yìí rẹ́ ní 2013, kò pa á rẹ́. Washington yí tiwọn padà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ní 2016: níbẹ̀, àfi bí ẹ̀bi rẹ bá ju ìdajì lọ ni o kò ní gbowó. Ṣé o wá rí ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ àmì STOP? Bí o kò bá dúró níbẹ̀, tí ẹni tó ń sá eré àsápajúdé wá gbá ọ, ó lè lọ láìsan nǹkan kan. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, má ṣe gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe nílé, kí o dìde, gbọn eruku nù, kí o máa bẹ ẹni tó gbá ọ kó má bínú. Pe ọlọ́pàá. Ya àwòrán nọ́ńbà mọ́tò. Gba orúkọ ẹni tó rí i. Lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, ara gbígbóná kì í jẹ́ ká mọ ibi tó ti ṣẹ́.

Mo mọ ohun tí o máa sọ: gbogbo ẹrù yìí, ṣé orí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ nìkan ni kó wà ni? Rárá. Ẹni tó la títì ìlà mẹ́rin gba àárín ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí kò gbé iná sí i ló jẹ̀bi jù, mi ò sì ní fi bò fún un. Ní Bethesda, níbi tí Capital Crescent Trail ti gé Little Falls Parkway, mọ́tò pa àgbàlagbà kan lórí kẹ̀kẹ́ ní 2016. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ ìlà méjì-méjì di ẹyọ kọ̀ọ̀kan níbi ìsọdá náà, wọ́n sì dín eré mọ́tò kù níbẹ̀. Ọ̀dà funfun àti òpó díẹ̀ ló ná wọn. Wọ́n lè ṣe é ṣáájú.

Nítorí náà, bí oríta kan bá wà lójú ọ̀nà iṣẹ́ rẹ tó ń já ọ láyà, má kàn máa ráhùn nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Àwọn èèyàn wa pọ̀ ní káúńtì Prince George's, ṣùgbọ́n a kì í pe ìjọba lórí ọ̀rọ̀ títì. Kọ orúkọ títì méjèèjì sílẹ̀, kọ àkókò tó burú jù, kí o pè wọ́n, kí o sì gba nọ́ńbà ìwé ẹ̀sùn náà lọ́wọ́ wọn. Ní Prince George's, ní Montgomery àti ní Washington, nọ́ńbà kan náà ni: 311.