Ẹ Jókòó Ti Àwọn Ọmọ Yín Nídìí Fíìmù Ẹranko

Ní ọdún 2003, nígbà tí fíìmù Finding Nemo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sinimá ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan ní California tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ìdọ̀tí inú omi ẹ̀gbin kìlọ̀ fún àwọn òbí. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kó yé àwọn ọmọ wọn pé ẹja tí wọ́n bá dà sínú ṣáláńgá olómi kò ní í dé òkun láàyè. Inú fíìmù náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹja kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gill, òun ni àgbà láàárín àwọn ẹja tí wọ́n há mọ́ inú àpótí gíláàsì ní ọ́fíìsì oníṣègùn eyín kan ní Sydney. Òun ló sọ fún Nemo kékeré pé kò sí ihò omi ẹ̀gbin tí kì í já sí òkun. Ọmọ tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, tó wá wo ẹja tí òbí rẹ̀ ń sìn nílé, àánú ẹja yóò ṣe é. Kò sì ní í bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó gbé e lọ sí ibi tó rò pé yóò ti rí òmìnira.

Àgbà tó ń wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹja kì í sọ̀rọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹ gúgúrú rẹ̀, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kò tíì mọ ibi tí eré parí sí àti ibi tí òótọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹja bá sọ, ó ti sọ ọ́ náà nìyẹn. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ gbogbo ìyá àti bàbá tó máa ń tan fíìmù ẹranko fún ọmọ, tí wọ́n á sì kọjá lọ sí ilé ìdáná tàbí sídìí fóònù: ẹ má lọ, ẹ jókòó tì wọ́n.

Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ilé-ìwé wà ní ìsinmi, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, iṣẹ́ ilé pọ̀, àwọn ọmọ ń pariwo. Kàtúùnù nìkan ló lè mú kí wọ́n dákẹ́ fún wákàtí kan. N kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó sinmi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ti gbà lọ́kàn pé bí ẹranko bá ti ń sọ̀rọ̀, tó ń jó, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń dán, kò lè sí ohun tó ń ba ọmọ nínú jẹ́ níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ yẹn kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí Finding Nemo, nítorí fíìmù tó dára gan-an ni, mo sì fẹ́ kí ẹ wò ó. Pixar ló ṣe é, Andrew Stanton ló darí rẹ̀, ó sì gba Oscar ní 2004 gẹ́gẹ́ bí fíìmù kàtúùnù tó dára jù lọ. Ìtàn bàbá ẹja kan ni, Marlin, tó wá ọmọ rẹ̀ kiri inú òkun Australia títí ó fi dé Sydney. Dory, ẹja aláwọ̀ búlúù tó máa ń gbàgbé ohun tí wọ́n sọ fún un kí ẹnu tó pa dé, ló bá a rin ìrìn-àjò náà. Ọ̀rọ̀ Dory nìkan tó láti mú kí tọmọdé tàgbà inú ilé máa rẹ́rìn-ín títí. Síbẹ̀, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó pé, ikú ti wọlé. Ẹja kútà ńlá kan ya bo Marlin àti ìyàwó rẹ̀, Coral, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹyin wọn. Nígbà tí ojú Marlin fi máa là, ìyàwó ti lọ. Ẹyin tó lé ní 400 ti lọ pẹ̀lú rẹ̀, àfi ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ yẹn ni Nemo.

Ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà G ni wọ́n fún fíìmù yìí, ìyẹn ni pé gbogbo ọjọ́ orí ló lè wò ó. Ohun kan náà ni wọ́n fún The Lion King ní 1994, níbi tí ọmọ kìnnìún ti ń fi orí ti òkú bàbá rẹ̀ pé kó dìde. Láti ìgbà Bambi ní 1942, tí àwọn ọdẹ yìnbọn pa ìyá ọmọ àgbọ̀nrín, ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù ẹranko. Lẹ́tà tó wà lára fíìmù kò mọ̀ pé ọmọ tó jókòó sínú pálọ̀ yín sin ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Ikú kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn ọmọdé, n kò sì sọ pé kí ẹ fi pamọ́ fún wọn. Àlọ́ Ìjàpá tí wọ́n pa fún wa kún fún ẹ̀tàn, ìjìyà àti ikú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pàlọ́ jókòó síwájú wa, ó ń rí ojú wa. Bó bá rí i pé ẹ̀rù ti ń ba àbúrò tó kéré jù, á rọ ohùn, á dá orin sí i, á ní ká gbè é. Bí àlọ́ bá parí, á bi wá pé kí la rí kọ́. Fíìmù kò rí ojú ọmọ, kò sì lè bi í léèrè ohunkóhun. Bí kò bá sí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, òun nìkan ni yóò gbé ohun tó rí lọ sórí ibùsùn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo fíìmù náà fúnra yín, ó kéré tán ìdajì wákàtí àkọ́kọ́. Bí ọmọ yín bá kéré tàbí tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ nínú ilé, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ Finding Nemo láti àárọ̀ ọjọ́ tí Nemo kọ́kọ́ ń lọ sílé-ìwé. Ìtàn náà kò ní í dàrú mọ́ ọn lójú. Bí ọmọ bá rọra ń sún mọ́ yín, tó ń fi ìrọ̀rí bojú, ẹ dá fíìmù dúró, ẹ bi í ní ohun tó ń rò. Kí ẹ má sọ fún un pé, “Kàtúùnù lásán ni, kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?” Omijé rẹ̀ kì í ṣe lásán.

Kò yẹ kí ẹ rò pé gbogbo kàtúùnù ẹranko ni wọ́n ṣe fún ọmọdé pẹ̀lú. Ní 1972, Fritz the Cat, fíìmù nípa ológbò kan, ni kàtúùnù àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní X ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé ó léèwọ̀ fún ọmọdé. Watership Down, fíìmù àwọn ehoro tó jáde ní 1978, kún fún ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, U tó túmọ̀ sí “ó dára fún gbogbo ènìyàn” ni àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Britain fún un. Ó lo ohun tó lé ní 40 ọdún kí wọ́n tó yí i padà sí PG. Ní Nàìjíríà, àjọ NFVCB tí òfin 1993 dá sílẹ̀ ló ń pín fíìmù sí ìsọ̀rí: G fún gbogbo ènìyàn, PG tó ń fẹ́ àmójútó òbí, lẹ́yìn náà 12, 15 àti 18. Ẹ máa wo lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n fíìmù tí ẹ bá rà ní ẹ̀gbẹ́ títì tàbí tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ sórí fóònù kì í sábà ní in. Ti YouTube tún burú jù. Ní 2017, wọ́n rí fídíò tí àwọn ènìyànkénìyàn fi àwòrán Peppa Pig, ẹlẹ́dẹ̀ inú kàtúùnù ọmọdé ti Britain, ṣe, tí ìwà ìkà kún inú rẹ̀. Bí òbí bá wo ojú ìwé rẹ̀ nìkan, kò ní í mọ̀ pé kì í ṣe Peppa gidi.

Eré tiwa náà ń fẹ́ àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iwájú, tí ilé-iṣẹ́ Kugali àti Disney jọ gbé jáde ní 2024, ní Èkó ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, inú mi sì dùn pé irú rẹ̀ wà. Ọmọ yóò fẹ́ràn Otin, alángbá oníẹ̀rọ tó ń tẹ̀ lé Tola, ọmọbìnrin inú eré náà. Àmọ́ àwọn ajínigbé ló wà nídìí ìtàn náà, àwọn ọmọ wa sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ajínigbé lẹ́nu wa lójoojúmọ́. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè.

Ní ti àkókò, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, àti pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò nílò rẹ̀ rárá. Finding Nemo gba 100 ìṣẹ́jú. Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì fún àwọn kékeré. Ẹ má sì pa iná yàrá kí ẹ lè fi pálọ̀ ṣe sinimá, kí ọmọ má sì fi imú kan tẹlifíṣọ̀n. Ní December 1997, ní Japan, iná pupa àti búlúù tó ń ṣẹ́jú kíákíá nínú eré Pokémon kan mú kí wọ́n gbé èèyàn tó lé ní 600 lọ sílé ìwòsàn, ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Gìrì mú àwọn mìíràn. Bí ọmọ yín bá ní wárápá, ẹ bi dókítà rẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kó wo fíìmù tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́ báyẹn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí fíìmù bá parí, tí ọmọ jáde síta. Nínú eré Peppa Pig kan, wọ́n sọ fún àwọn ọmọ pé aláǹtakùn kò lè pa wọ́n lára. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Britain. Ṣùgbọ́n ní Australia, níbi tí aláǹtakùn olóró wà, ìyẹn jẹ́ ewu, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba, ABC, sì ní àwọn kò ní í gbé eré náà sáfẹ́fẹ́ mọ́. Ọ̀dọ̀ tiwa, ajá ni mo ń bẹ̀rù. Ọmọ tó ti rí ajá tó ń sọ̀rọ̀, tó ń dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, á na ọwọ́ sí ajá tó ń rìn gbéregbère ládùúgbò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí ẹranko tí wọ́n fura pé ó ní dìgbòlugi bù jẹ, nǹkan bí 40 ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Bí àmì dìgbòlugi bá sì ti yọ lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ajá tí kò bá ní olówó lẹ́gbẹ̀ẹ́, a kì í fọwọ́ kàn án. Ajá tó ń jẹun tàbí tó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́yàn ńkọ́? A kì í sún mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ ajá ilé wa. Bí ajá bá bù wọ́n jẹ tàbí tó kàn ya wọ́n léèékánná, kí wọ́n wá sọ, ẹnikẹ́ni kò ní í nà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi pamọ́ nítorí ẹ̀rù pàṣán. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Irun ajá tàbí epo pupa kò lè rọ́pò rẹ̀.

Fíìmù fúnra rẹ̀ lè ràn yín lọ́wọ́ nídìí ẹ̀kọ́ yìí. Nínú Finding Nemo, Bruce, ẹja àkùràkudà, ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní í jẹ ẹja mọ́, ọ̀rẹ́ ni ẹja. Ó gbọ́ òórùn ẹ̀jẹ̀ Dory báyìí, gbogbo ẹ̀jẹ́ náà dópin, ó ń lé wọn kiri. Ẹ dá fíìmù dúró níbẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ pé kí ló ṣe Bruce? Wọ́n á dáhùn, ìdáhùn wọn á sì yà yín lẹ́nu. Ẹ tún bi wọ́n nípa Nemo tó lọ fọwọ́ kan ọkọ̀ ojú omi nígbà tí bàbá rẹ̀ ní kó má lọ, tí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ fi gbé e lọ. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá Marlin kò ká ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kò jù. Ìbéèrè yìí lè padà sọ́dọ̀ yín, ẹ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

Kì í ṣe pé kí ẹ dà bí olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa, kí ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Bí ìyá àgbà bá wà nílé, ẹ pè é wá, kí àwọn ọmọ máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ Dory fún un sí Yorùbá. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ohun tó yé wọn àti ohun tí kò yé wọn. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ pa fóònù yín tì, ẹ dín ẹ̀pà sínú àwo, kí ẹ sì wà níbẹ̀ títí orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù náà yóò fi kọjá tán. Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ ní àwọn nìkan.