Àròkọ Aṣàlàyé: Ìtàn Ibùdó Ìwádìí Ohun Abẹ̀mí Inú Òkun ní Naples

Bí a bá ní kí o kọ ìtàn ilé-iṣẹ́ kan, má ṣe to ọdún jọ bí ẹni to igi ìdáná. Kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè pé: Ìṣòro wo ló mú kí wọ́n dá a sílẹ̀? Níbo ni owó ti wá? Kí ló gbé e ró? Ka àpẹẹrẹ yìí, kí o sì máa wá ìdáhùn bí o ti ń kà á.

ÀPẸẸRẸ

Etí òkun Naples, ní gúúsù ilẹ̀ Ítálì, ni ibùdó yìí wà. Anton Dohrn, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí a bí ní 1840, ló dá a sílẹ̀.

Láyé ìgbà náà, onímọ̀ tí ó bá fẹ́ wo ẹ̀dá inú òkun ní láti ru irinṣẹ́ rẹ̀ dání, kí ó háyà ilé, kí ó sì wá apẹja tí yóò máa kó ẹranko wá fún un. Kí ó tó tò ó tán, àkókò ti lọ. Ojú Dohrn rí èyí ní ìlú Messina ní 1868. Ló bá pinnu láti kọ́ ilé kan sétí òkun, níbi tí ohun gbogbo yóò ti wà ní sẹpẹ́ de onímọ̀.

Ìlú Naples fún un ní ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́ ní 1872. Ní 1873, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ẹnì kan kò lè gbọ́ bùkátà irú ilé bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí. Ọgbọ́n méjì ni Dohrn dá. Èkíní, ní 1874 ó ṣí ìsàlẹ̀ ilé náà fún ará ìlú, kí wọ́n máa sanwó wo ẹja nínú àpótí gíláàsì ńláńlá. Èkejì, ó ń fi tábìlì iṣẹ́ háyà fún ìjọba àti yunifásítì lọ́dọọdún. Ẹni tí wọ́n bá rán wá yóò bá ẹranko òkun, kẹ́míkà àti ìwé nílẹ̀. Ìwádìí tí ó bá wù ú ni yóò sì ṣe. Nígbà tí Dohrn kú ní 1909, àwọn onímọ̀ tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lé ní 2,000.

Nígbà tí Ítálì wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1915, Reinhard, ọmọ Dohrn tí ó ń darí ibùdó náà, ní láti fi Naples sílẹ̀. Ìjọba Ítálì gba ibùdó náà. Ní 1924 ni Reinhard tó padà sípò. Ní 1929, Ernest Everett Just, onímọ̀ aláwọ̀ dúdú tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà dí lọ́nà ní Amẹ́ríkà, wá ṣe ìwádìí níbẹ̀. Ibùdó náà ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Orúkọ Dohrn ló sì ń jẹ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Owó ìdílé kan ló bí ibùdó yìí, owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wò ó dàgbà.

ÀKÍYÈSÍ

Ṣé o rí i pé kò sí ọdún kan níhìn-ín tí kò ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀? Wò ó pẹ̀lú pé ìṣòro ṣáájú, ojútùú sì tẹ̀ lé e.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kọ irú àròkọ yìí lórí ilé-ìwé tàbí ọsibítù kan ní ìlú rẹ. Bi àwọn àgbà léèrè kí o tó mú kálàmù.